Ẹ Ti Wọ Playoffs Fantasy: Bí Ẹ Ṣe Máa Darí Ikọ̀ Yín Láti Ọ̀sẹ̀ 15 Dé Ọ̀sẹ̀ 17

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń wọlé báyìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí ṣáá: "Mo ti wọ playoffs o. Ṣé kí n fọwọ́ kan ikọ̀ mi ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?" Fantasy bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ti NFL (líìgì wọn tó ga jù), ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti Premier League: ẹ̀ ń kó agbábọ́ọ̀lù gidi jọ sí ikọ̀ yín, ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá ló sì ń di pọ́ìntì yín. Playoffs ni ìpele ìkẹyìn, níbi tí ẹni tó bá pàdánù ti ń jáde. Ìdáhùn mi ò tíì yí padà: ẹ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì (àwọn tẹ́ ẹ fi jókòó, tí pọ́ìntì wọn kì í kà fún yín) ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn. Àwọn tó gbé yín débí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Òdìkejì ẹ̀ lọ̀pọ̀ ń ṣe. Wọ́n á yọ ìràwọ̀ tó ti ń gba pọ́ìntì fún wọn láti oṣù Kẹsàn-án, torí pé ẹnì kan sọ pé ikọ̀ tó fẹ́ bá ta kàn-án-gbọ̀n le. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún fi agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ní "á dáa tó bá yá." Kò sí "tó bá yá" mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù, ẹni tó bá sì pàdánù ní ọ̀kan nínú ẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

## Ẹ kọ́kọ́ ka òfin líìgì yín

Òfin líìgì kan ò jọ ti ìkejì. Ẹ ṣí ojú ìwé òfin lórí áàpù yín lónìí, kẹ́ ẹ wá ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè yìí:

- Ọ̀sẹ̀ wo ni playoffs bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ wo ló sì máa parí? Níbi tí ẹni mẹ́fà bá ti wọlé, ọ̀sẹ̀ 15, 16 àti 17 ni wọ́n sábà máa ń lò, tí ẹni kìíní àti ẹnì kejì á sinmi ní ọ̀sẹ̀ 15.
- Ṣé ọ̀sẹ̀ kan ni ìfigagbága kọ̀ọ̀kan, àbí wọ́n ń pa ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀?
- Bí pọ́ìntì bá dọ́gba, ta ni wọ́n á gbé ọwọ́ ẹ̀ sókè?
- Ọjọ́ wo ni waiver (ètò tẹ́ ẹ fi ń béèrè agbábọ́ọ̀lù tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni) ń já? Ṣé àwọn tó ti jáde kúrò nínú ìdíje ṣì lè mú agbábọ́ọ̀lù?
- Kí lẹ máa ṣe bí NFL bá fagi lé eré kan?

Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2023, ọ̀sẹ̀ 17 ni, alẹ́ ọjọ́ Ajé, Buffalo Bills ń bá Cincinnati Bengals gbá nígbà tí Damar Hamlin ṣubú lórí pápá, tí ọkàn rẹ̀ sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n dá eré náà dúró, wọn ò sì padà gbá a mọ́. Ọpẹ́ ni pé Hamlin yè é, ó tiẹ̀ padà sẹ́nu bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n Josh Allen, Stefon Diggs, Joe Burrow àti Ja'Marr Chase ló wà nínú eré yẹn, ọ̀sẹ̀ àṣekágbá sì ni fún ọ̀pọ̀ líìgì. Ibi tí òfin ò bá ti wà nílẹ̀ ṣáájú, àríyànjiyàn ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ bi alábòójútó líìgì yín báyìí, nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 18 ni líìgì yín gbé àṣekágbá sí, mo bá yín kẹ́dùn. Ikọ̀ tí ipò rẹ̀ ti dájú máa ń fi àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ sinmi ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ wá igbákejì wọn sílẹ̀ ní kíákíá, tó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, ẹ dìbò kí wọ́n yí i padà.

## Ẹ tú bẹ́ǹṣì yín ká

Láàárín ọ̀sẹ̀ 5 sí 14, iṣẹ́ bẹ́ǹṣì ni láti rọ́pò àwọn tí ikọ̀ wọn wà ní bye (ọ̀sẹ̀ tí ikọ̀ kì í gbá). Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 15, bye ti tán, ikọ̀ 32 ló ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí wá ni tight end (ẹni tó ń dínà, tó sì tún ń gba bọ́ọ̀lù) kejì ń ṣe níbẹ̀? Quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) kejì ńkọ́, nígbà tí ti àkọ́kọ́ ò fara pa, tí líìgì yín ò sì gba ẹni méjì? Ẹ bi ẹni kọ̀ọ̀kan tó wà lórí bẹ́ǹṣì ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọ̀sẹ̀ wo ni màá lò ẹ́ nínú mẹ́ta yìí, kí ló sì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí n tó lò ẹ́?" Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn, kó máa lọ.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí:

1. Ẹ yọ àwọn tí kò lè padà mọ́. Òfin NFL ni pé ẹni tí wọ́n bá gbé sórí injured reserve (IR, àkọsílẹ̀ àwọn tó fara pa) gbọ́dọ̀ pàdánù eré mẹ́rin, ó kéré tán. Ẹni tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ láàárín eré ọ̀sẹ̀ 13 àti ti ọ̀sẹ̀ 14, tàbí lẹ́yìn ìgbà náà, kò lè padà ṣáájú ọ̀sẹ̀ 18. Orúkọ rẹ̀ ì báà tóbi bí òkè, kò wúlò fún yín mọ́, àfi tí líìgì yín bá ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbé agbábọ́ọ̀lù wọ ọdún tó ń bọ̀, tàbí tẹ́ ẹ bá ní àyè IR tó ṣófo.

2. Ẹ mú igbákejì running back (ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré) yín. Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà. Ní ọdún 2018, Todd Gurley ti Los Angeles Rams ló gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé playoffs, ṣùgbọ́n orúnkún ò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀sẹ̀ 16. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ni C.J. Anderson, tí Rams ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ó sáré 167 yáàdì, ó sì gba touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù wọ òpin pápá alátakò) kan lọ́dọ̀ Arizona. Ẹni tó mú un la ìdíje já. Ẹni tó jókòó tó ń retí Gurley ló sunkún. Running back tó wà lẹ́yìn ìràwọ̀ yín ò ní gba pọ́ìntì kankan fún yín lónìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìràwọ̀ bá tiro kúrò lórí pápá, òun nìkan ni iṣẹ́ náà kù sí lọ́wọ́. Ó sàn ju wide receiver (ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù) karùn-ún lọ, ẹni tẹ́ ẹ ò ní lò láéláé.

   Ẹ kíyè sí i o: kì í ṣe gbogbo igbákejì ló yẹ ní mímú. Níbi tí ikọ̀ bá ti ń pín iṣẹ́ náà fún ẹni mẹ́ta, kò sí arólé kan pàtó. Ẹ wá ibi tí ẹnì kan ti ń gbé gbogbo ẹrù, tí ẹnì kejì sì dá yàtọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

3. Ẹ mú defense (gbogbo àwọn tó ń ṣọ́lé fún ikọ̀ NFL kan, tẹ́ ẹ mú bí ẹyọ kan) ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lónìí. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń jà du defense ọ̀sẹ̀ yìí, ti ọ̀sẹ̀ 16 àti 17 ṣì wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ètò ìdíje: ta ló máa gbàlejò quarterback tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tàbí ikọ̀ tí wọ́n ń dá quarterback rẹ̀ wólẹ̀ lemọ́lemọ́? Àyè tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ tight end kejì ni kẹ́ ẹ fi í sí.

4. Ẹ ná owó yín tán. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi owó waiver du agbábọ́ọ̀lù, owó tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn àṣekágbá kò ra nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa rò ni iye tó kù lọ́wọ́ àwọn tó ṣì wà nínú ìdíje. Bí alátakò yín bá ní dọ́là 11, dọ́là 12 ti tó láti fi já a kulẹ̀, àfi tí ẹlòmíì bá tún wà níbẹ̀ tó ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

5. Ẹ dí alátakò lọ́nà. Ṣé kicker rẹ̀ (ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó góòlù) fara pa ni? Ṣé quarterback rẹ̀ ni? Bí àyè bá ṣẹ́ kù, ẹ mú ẹni tó dáa jù nínú àwọn tó wà nílẹ̀. Àwọn kan ní ìwà yìí ò dáa. Mi ò gbà. Òfin fàyè gbà á, bẹ́ǹṣì yín sì ni.

## Ètò ọ̀sẹ̀ kan, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé ọjọ́ Ajé

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ẹ má ṣe to ikọ̀ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ wá gbàgbé ẹ̀.

1. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ẹ fi orúkọ àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ mú sí waiver. Ẹ tò ó ní ìpele: bí ẹni àkọ́kọ́ bá bọ́, ta ló kàn? Ẹ sì yan ẹni tẹ́ ẹ máa yọ fún ìkọ̀ọ̀kan.

2. Ọjọ́rú dé ọjọ́ Ẹtì: Ẹ tẹ̀ lé ìròyìn ìgbáradì. Bí ikọ̀ bá máa gbá lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló máa ń kéde ẹni tó gbára dì dáadáa, ẹni tó ṣe díẹ̀, àti ẹni tí kò ṣe rárá. Ọjọ́ Ẹtì ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí kò yọjú ní Ọjọ́rú, tó wá ṣe gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọkàn mi máa ń balẹ̀ lé e. Ẹni tó ṣe díẹ̀ ní Ọjọ́rú, tí kò wá yọjú lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí. Tó bá jẹ́ orí ni wọ́n fi gbá, ti pé ó ń gbára dì nìkan kò tó: dókítà tí kì í ṣe ti ikọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù.

3. Kí eré àkọ́kọ́ ọ̀sẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀: Ẹ yẹ ètò ìdíje wò dáadáa, torí oṣù Kejìlá kì í tẹ̀ lé bó ṣe máa ń rí. Eré ọjọ́ Àbámẹ́ta máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì bá ti ń kásẹ̀ ńlẹ̀. Kérésì náà tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2024, Ọjọ́rú ni Kérésì bọ́ sí, Chiefs gbá pẹ̀lú Steelers, Ravens gbá pẹ̀lú Texans, ọ̀sẹ̀ 17 sì ni. Líìgì tí waiver rẹ̀ ń já ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú ò fi bẹ́ẹ̀ ní àyè láti mí. Ẹni tó rò pé Ọjọ́bọ̀ leré máa ń bẹ̀rẹ̀, ó jí bá ilẹ̀kùn ní títì.

4. Ẹ to flex yín (ipò tí running back, wide receiver tàbí tight end lè wọ̀) bó ṣe yẹ: Ẹni tí eré rẹ̀ bá gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi sí flex. Ẹni tó bá máa kọ́kọ́ gbá, ẹ fi sí ipò tirẹ̀ gangan. Èmi náà ti jẹ ìyà ẹ̀ rí. Mo fi wide receiver ọjọ́bọ̀ sí flex. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, wọ́n kéde pé wide receiver mìíràn tí mo ní ò ní gbá. Running back ló kù lórí bẹ́ǹṣì mi, flex sì ti tì pa. Mo wo òdo yẹn títí eré fi parí. Pọ́ìntì mẹ́ta ni wọ́n fi lé mi jáde.

5. Ọjọ́ Àìkú, ìṣẹ́jú 90 ṣáájú eré: Ìgbà yìí ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kéde àwọn tí kò ní gbá. Fún eré aago kan ọ̀sán ti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, aago mọ́kànlá ààbọ̀ òwúrọ̀ ni. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ sí aago ibi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ sì fi agogo sórí fóònù. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún eré ìrọ̀lẹ́ àti ti alẹ́.

6. Ẹni tí wọ́n kọ "Questionable" (kò dájú pé á gbá) sí lára tí eré rẹ̀ sì jẹ́ ti alẹ́ ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Ajé: Ẹ má ṣe dúró dè é lọ́wọ́ òfo. Ẹ rí i pé ẹnì kan wà lórí bẹ́ǹṣì tó máa gbá nínú eré yẹn kan náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ mú igbákejì rẹ̀ nínú ikọ̀ rẹ̀. Bí ìyẹn náà ò bá sí, ẹ gbé e kúrò kí eré aago kan tó bẹ̀rẹ̀.

## Ta ni kẹ́ ẹ lò, ta ni kẹ́ ẹ fi jókòó?

Ìràwọ̀ yín máa gbá. Mo mọ̀ pé ó ń dun àwọn kan lọ́kàn láti dá ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ rántí Alvin Kamara lọ́jọ́ Kérésì ọdún 2020: touchdown mẹ́fà ló fi ẹsẹ̀ sáré gbà lọ́dọ̀ Minnesota Vikings, ó sì bá àkọsílẹ̀ tí Ernie Nevers fi lélẹ̀ ní ọdún 1929 dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ 16 ni, ọ̀sẹ̀ àṣekágbá fún ọ̀pọ̀ líìgì lọ́dún náà. Ja'Marr Chase náà gba yáàdì 266 àti touchdown mẹ́ta lọ́dọ̀ Kansas City ní ọ̀sẹ̀ 17 ti 2021. Ẹni tó bá fi irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jókòó torí pé alátakò le, kò ní gbàgbé ẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ibi tí ìṣòro wà ni ipò kan tàbí méjì tó kẹ́yìn: flex, wide receiver kejì, defense. Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń wò, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra yìí:

Iṣẹ́ tó ní. Ìgbà mélòó ni wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i, ìgbà mélòó ni wọ́n gbé e fún un láti sáré nínú eré mẹ́ta tó kọjá? Touchdown lè bọ́ sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń wá lemọ́lemọ́ ló ṣeé gbára lé.

Pọ́ìntì tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ikọ̀ rẹ̀. Ẹ ò nílò láti ta tẹ́tẹ́, ẹ kàn wo iye tí àwọn onítẹ́tẹ́ gbé síta. Ká ní wọ́n ní pọ́ìntì 48 ni ikọ̀ méjèèjì máa gbà pọ̀, tí ọ̀kan sì máa fi 6 ṣíwájú. Ẹ fi 6 kún 48, ó di 54. Ẹ pín in sí méjì, ó di 27. Ti èkejì jẹ́ 21. Bí ẹni méjì bá dọ́gba lójú mi, ẹni tí ikọ̀ rẹ̀ wà ní 27 ni màá mú. Tó bá jẹ́ defense ni mò ń wá, ikọ̀ tí wọ́n ń retí iye tó kéré jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wá alátakò rẹ̀ lọ.

Ojú ọjọ́. Yìnyín máa ń dẹ́rù ba ènìyàn lójú tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù. Bó bá ti ń lọ sí máìlì 20 ní wákàtí kan, bọ́ọ̀lù jíjù sọ́nà jíjìn àti kicker ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Buffalo, Cleveland, Chicago àti Green Bay ni kẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò nínú oṣù Kejìlá. Detroit, Minnesota, New Orleans, Indianapolis àti Las Vegas ń gbá lábẹ́ òrùlé, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú nípa ojú ọjọ́ wọn.

Kicker? Ẹ mú èyí tó wà lábẹ́ òrùlé, tí ikọ̀ rẹ̀ sì ń gba pọ́ìntì. Ó parí.

## Bẹ́ ẹ bá ń léwájú, àti bẹ́ ẹ bá ń tọ̀ lẹ́yìn

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ ìdíje nù láìmọ̀, torí pé ètò kan náà ni wọ́n ń lò yálà alátakò lágbára jù wọ́n ni tàbí kò lágbára tó wọn.

*Bí alátakò bá lágbára jù yín lọ,* ẹ lọ fún àwọn tó lè bú gbàmù. Wide receiver tó lè gba touchdown oníyáàdì 70 tàbí kó gba pọ́ìntì méjì péré, ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni tirẹ̀. Ẹ tún lè lo quarterback pẹ̀lú wide receiver ikọ̀ kan náà, torí bí ọ̀kan bá ṣe dáadáa, èkejì sábà máa ń bá a lọ.

*Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ lágbára jù,* ẹni tó ń mú pọ́ìntì 11 tàbí 12 wálé láìsí ariwo ni kẹ́ ẹ lò. Bí alátakò bá sì ní quarterback kan, tẹ́ ẹ ní wide receiver tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lò ó: gbogbo touchdown tí quarterback yẹn bá jù sí i, ẹ máa pín níbẹ̀.

*Lálẹ́ ọjọ́ Ajé,* ẹ ṣe ìṣirò. Bí ẹ bá ń léwájú, tí alátakò ò ní ẹnikẹ́ni mọ́, tó sì jẹ́ defense yín nìkan ló kù, ẹ gbé e kúrò nínú lineup (àwọn tí pọ́ìntì wọn ń kà fún yín) bí òfin yín bá gba àyè òfo. Defense lè bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo bí wọ́n bá gba pọ́ìntì púpọ̀ sí i lára. Quarterback náà lè pàdánù pọ́ìntì bí ó bá ń ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ alátakò. Bó bá sì jẹ́ pọ́ìntì kékeré ló wà láàárín yín, ẹ má tíì jó: NFL máa ń tún àkọsílẹ̀ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, ìdajì pọ́ìntì sì ti gbé ife kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ti ń ya fọ́tò.

## Àṣìṣe tí mo ń rí lọ́dọọdún

- Fífi defense lòdì sí quarterback tara ẹni. Ẹ̀ ń bá ara yín jà nìyẹn.
- Gbígba ìmọ̀ràn ẹni mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹ yan ẹni kan tàbí méjì tẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.
- Kíka nọ́ńbà tí áàpù ń sọ tẹ́lẹ̀ bí ẹni ka ìwé mímọ́. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 12.4 tí èkejì jẹ́ 12.1, áàpù ò mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn ju yín lọ.
- Sísọ agbábọ́ọ̀lù gidi nù ní ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ ń sinmi, tí alátakò yín wá he é.

## Bí wọ́n bá ti lé yín jáde ńkọ́?

Ẹ má pa ikọ̀ tì tí líìgì yín bá ṣì ń gbá fún ipò kẹta, tàbí tẹ́ ẹ lè gbé agbábọ́ọ̀lù wọ ọdún tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí, àkókò yìí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ mú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí iṣẹ́ gbà.

Ọ̀nà mìíràn ni fantasy ti playoffs NFL fúnra rẹ̀, tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kìíní. Ọ̀nà ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ikọ̀ 14 ló ń wọlé, méje láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan (AFC àti NFC, ìdá méjì tí NFL pín sí), ẹni kìíní ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń sinmi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ irú èyí tẹ́ ẹ ń yan agbábọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan títí dé òpin, iye eré tí ikọ̀ rẹ̀ máa gbá ló ṣe kókó ju bó ṣe dáńgájíá tó. Ikọ̀ tó gba ipò kìíní ò lè gbá ju eré mẹ́ta lọ kó fi gbá Super Bowl (àṣekágbá NFL) parí. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè gbá mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mú ikọ̀ méjì tẹ́ ẹ rò pé wọ́n máa pàdé ní àṣekágbá, ọ̀kan láti AFC, ọ̀kan láti NFC, kẹ́ ẹ kó àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn jọ, kẹ́ ẹ tó wá fi àwọn ìràwọ̀ ikọ̀ yòókù dí àlàfo tó bá kù.